Aago Méje Kù Díẹ̀, Nílé Kọfí Obdulia

Òtútù ń bu ni létí jẹ ní Valdecorza,
ìlú kékeré tó jókòó sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ Kásítílì
bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fagi lé.
Obdulia ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kọfí ń hó, ó ń pòṣé.
Rédíò ẹ̀gbẹ́ ìgò ólífì
kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì
kí ohùn Nicanor Bastida tó jáde,
ohùn ẹni tí kò sùn, tí kò sì banújẹ́.

"Ẹ kú ojúmọ́ o, ará Sípéènì. Ṣé ẹ jí ire?
Ìjọba ò tíì ṣubú.
Ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri ni, ó ń wá bàtà rẹ̀.

"Ní Madrid lánàá, àwọn aṣòfin fi wákàtí mọ́kànlá jíròrò
lórí ẹni tó kọ́kọ́ já lu ẹnìkejì lẹ́nu.
Wọ́n dìbò. Ìbò dọ́gba.
Aṣòfin kan ní ọwọ́ òun ló ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì.
Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọwọ́ náà lẹ́nu wò.
Ọwọ́ ní òun ò ní í bá oníròyìn sọ̀rọ̀.

"Òróró ólífì tún ti gbówó lórí.
Ní Jaén, ìyá àgbà kan fi ìgò mẹ́ta sílẹ̀ bí ogún;
àwọn ọmọ ò kí ara wọn mọ́."

Fermina tó ń pín lẹ́tà rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde.
Leocadio oníbúrẹ́dì, ìyẹ̀fun ṣì wà ní irun ojú rẹ̀,
ó lu tábìlì, èéfín funfun sọ.
Èmi tí mo fi gbogbo òru nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn,
tí wọn ò tíì san owó oṣù méjì fún,
èmi náà rín in.
Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín.

"Ní báyìí," Nicanor wí, "ẹ jẹ́ ká yà sí ìlú kan
tó ń jẹ́ Valdecorza."

Ṣíbí dúró nínú ife.

"Alága ìlú ibẹ̀, Don Baldomero Quijada,
ti ṣí afárá tuntun. Afárá gùn, afárá lẹ́wà,
ó ní iná mẹ́rìnlélógún.
Odò nìkan ló kù.
Wọ́n ní odò ń bọ̀ o,
ìwé rẹ̀ ló há sórí tábìlì ẹnìkan ní Brussels."

Ta ló jókòó sí igun, tòun ti fìlà onírun?
Baldomero fúnra rẹ̀,
churro gígùn kan lọ́wọ́ rẹ̀,
ó dá sí méjì, ó rì sínú ṣokoléètì
bí ọkọ̀ ojú omi tó rí odò níkẹyìn.

A ò mọ ibi tí a ó kojú sí.
Fermina ń ka àdírẹ́sì tí ojú rẹ̀ ò rí.
Driss tó mọ òkúta afárá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan
ń wo èékánná ara rẹ̀.
Obdulia na ọwọ́ sí rédíò láti pa á.

"Má pa á," alága wí. "Gbé ohùn rẹ̀ sókè.
Ìgbà wo ni Madrid dárúkọ wa kẹ́yìn?"

Leocadio ronú. "Ọdún tí yìnyín pa àgùntàn."

"Ṣẹ́ ẹ rí i?" Ó fi ṣíbí yọ churro tó rì,
ó jẹ ẹ́, ó nu irùngbọ̀n.
"Ó tún pe orúkọ bàbá mi dáadáa."

Nígbà náà ni ẹ̀rín tú jáde,
ti Driss ló pẹ́ jù.

Nígbà tí mo ń lọ sùn, n ò gba ọ̀nà tààrà.
Mo gba orí afárá kọjá.
Koríko gbígbẹ ló wà nísàlẹ̀, àti bàtà ẹnìkan, ẹsẹ̀ kan.
Mo ka iná.
Mẹ́tàdínlógún ló ń tàn.
Bí mo bá jí, màá kọ̀wé sí Nicanor.